Omi lásán ò tó fún pátákó ẹja

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì ni mí níbí ní Ọ̀yọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa tó ń ta ẹja yìnyín ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Tí wọ́n bá ti gé títùsì tàbí kòtẹ̀ fún oníbàárà tán, wọ́n á bu omi dà sórí pátákó, wọ́n á fọwọ́ nù ún, ó parí. Ẹ fọwọ́ kan pátákó náà nírọ̀lẹ́: á máa yọ̀. Ọ̀rá ẹja wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò àìfojúrí náà ti kọ́lé síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan nínú wọn, Vibrio parahaemolyticus. Inú omi òkun ló ń gbé, ara edé, alákàn àti ẹja ló sì ń bá wọ̀lú. Ní Osaka, ní Japan, lọ́dún 1950, ẹja wẹẹrẹ tó ní kòkòrò yìí dá èèyàn 272 dùbúlẹ̀, 20 nínú wọn kú.

Ohun tó jọ mí lójú jù ni bó ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kó rìn àti ìgbà tó yẹ kó jókòó. Kẹ́míkà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní c-di-GMP. Tí èyí bá dínkù, kòkòrò náà á hu ìrù púpọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, á máa fi wọ́ lọ lórí ibi tó bà lé. Tó bá pọ̀, jíìnì ìrù, ìyẹn àṣẹ inú ara tó ní kí ìrù hù, á dákẹ́, jíìnì cps tó ń pàṣẹ oje á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, oje tó ń lẹ̀ á sì jáde láti so àwọn kòkòrò náà pọ̀. Wọ́n tún ń tú àmì jáde fún ara wọn. Bí wọ́n bá ti pọ̀ tó lójú kan, èròjà kan nínú ara wọn tí wọ́n ń pè ní OpaR, tó ń darí jíìnì, á gba àkóso: á pa jíìnì ìrù lẹ́nu mọ́, á sì mú kí oje pọ̀ sí i. Omi tí a kàn dà sí i ò lè ṣí wọn nídìí mọ́.

Mi ò lé oníbàárà kúrò nídìí ẹnikẹ́ni o. Èmi náà ń ra ẹja, bó bá sì jiná dáadáa, kòkòrò yìí á kú. Pátákó tí wọ́n gé ẹja tútù lé, tí wọ́n tún wá rẹ́ tòmátò àti kùkúńbà tí a ò ní sè lé lórí, lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ọṣẹ àti búrọ́ṣì líle ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì sá a sóòrùn kó gbẹ táútáú, torí Vibrio ò fẹ́ ibi gbígbẹ. Èyí tí ọ̀bẹ ti gé jágbajàgba, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí àwọn tó ń bójú tó ọjà wa sì fa ẹ̀rọ omi dé ìsọ̀ ẹja, nítorí ẹni tó ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì kò lè fọ pátákó lẹ́yìn oníbàárà kọ̀ọ̀kan.

Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì kan,
Òwòdé, Ọ̀yọ́.