Ìwé wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní àwọn ṣì ń wá a

Olóòtú,

Wọ́n tún ti sún ẹjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi pe iléeṣẹ́ oúnjẹ ńlá tó ń fi orúkọ rẹ̀ tajà síwájú lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítorí lọ́yà iléeṣẹ́ náà ní àwọn ṣì ń wá ìwé. Ìwé wo? Èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ!

Ẹni tó bá ti sanwó rí kó tó lè fi orúkọ iléeṣẹ́ ńlá ta oúnjẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n á gba ìdá tiwọn nínú ohun tẹ́ ẹ bá tà, wọ́n á gba owó ìpolówó, ọwọ́ ẹni tí wọ́n bá fi hàn yín nìkan lẹ sì ti gbọ́dọ̀ ra adìẹ àti ìyẹ̀fun. Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n ń gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà yẹn. Inú ìwé ìṣirò wọn ni ẹ̀rí rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ tó fi ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù pàápàá, àwọn ni wọ́n ń darí rẹ̀. Bó ṣe pè wọ́n lẹ́jọ́ báyìí ni wọ́n yí password padà.

Láti ọdún 2004 ni òfin ilé-ẹjọ́ gíga Èkó ti ní kí olùpẹjọ́ kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá lọ́jọ́ tó bá pẹjọ́. Ó dáa. Ẹni tí ìwé rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹni tó pè lẹ́jọ́ ńkọ́? Òfin ní ká kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà pé kí wọ́n mú un wá. A kọ ọ́. Bí wọn ò bá mú un wá, gbogbo àǹfààní ibẹ̀ ni pé ká lo ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀dà wo? Nígbà tí adájọ́ wá pàṣẹ, Ghana-must-go kan ni wọ́n gbé wá: rìsíìtì dísẹ̀ẹ̀lì, owó oṣù ọlọ́dẹ, fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìwé ìṣirò kò sí níbẹ̀. Ẹni tó fi ìwé pamọ́ ló ń jèrè bẹ́jọ́ ṣe ń pẹ́, àwọn ọ̀gá tó yẹ kó mójú tó o sì ń wòran.

Abala 167(d) nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 fún adájọ́ láyè láti gbà pé ẹ̀rí tí èèyàn bá fi pamọ́, ìbá ta ko onítọ̀hún ni ká ní ó mú un jáde. Kí wọ́n lò ó! Kí adájọ́ dá ọjọ́ kan. Tó bá kọjá, kí olórí ìṣirò iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ wá búra, kó sọ ibi tí ìwé wọlẹ̀ sí. Kì í ṣe lọ́yà tí yóò tún máa tọrọ àforíjì. Bí kò bá ní àlàyé gidi, kí wọ́n fagi lé ìgbèjà wọn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì san owó gbogbo ìjókòó tí wọ́n fi ṣòfò. Ẹni tó bá fi ìwé pamọ́ kò gbọdọ̀ jèrè rẹ̀ mọ́.

Ní Amẹ́ríkà, ó kéré tán ọjọ́ 14 kí èèyàn tó fọwọ́ sí irú àdéhùn fífi orúkọ iléeṣẹ́ tajà báyìí ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ kó àlàyé lé e lọ́wọ́, títí kan owó tí iléeṣẹ́ ń rí lórí ọjà tó sọ di dandan. Ti àwọn aṣòfin tiwa dà?

Àbúrò Olùpẹjọ́,
Súúrùlérè, Èkó.