Lẹ́tà sí Bísí ní Trieste

Bísí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o kú òtútù. Láti ìgbà tí o ti fi fọ́tò etíkun Miramare yẹn ránṣẹ́ ni àárò rẹ ti ń sọ mí. Màmá ti kúrò ní ọsíbítù, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló kù tí kò tíì lágbára. Wọ́n ní kí n kí ọ. Ìyàwó Kúnlé ti bímọ, obìnrin ni.

Ọ̀rọ̀ kan ń gba oorun lójú mi. Ṣé o rántí ìtàn Abdus Salam, onífísíìsì ará Pakistan, tí o sọ fún mi lábẹ́ igi máńgòrò? Nígbà yẹn, ẹ̀bùn Nobel ọdún 1979 nìkan ni mo gbọ́. Ní báyìí, ọdún mẹ́ta tó lò ní Lahore ni mò ń rò ṣáá. Ọmọ ọdún 25 ni nígbà tó ti Cambridge padà sílé ní 1951, àwọn onífísíìsì sì ti ń dárúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ wo ni wọ́n tún dì lé e lórí? Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì! Kò rí ẹni tí wọ́n lè jọ jiyàn lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1954, ó padà sí Cambridge. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ilé o: Oxford ló kú sí ní 1996, Pakistan ni wọ́n gbé e lọ sin.

Bísí, mo mọ ìdákẹ́rọ́rọ́ tó bá a ní Lahore yẹn. Ìgbìmọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi mí sí ní sáà yìí. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá rèé tí mi ò fọwọ́ kan ìṣirò mi.

Síbẹ̀, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń ṣàlàyé iṣẹ́ Salam, Weinberg àti Glashow fún àwọn ọmọ ọdún kẹrin: pé agbára iná mànàmáná àti òòfà, pẹ̀lú agbára tó ń sọ átọ́mù kan di òmíràn, tó sì wà nídìí iná oòrùn, ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Ọmọkùnrin kan ní, bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ ìyá, kí ló dé tí wọn ò jọra? Mo ní photon, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tó ń jíṣẹ́ fún ti àkọ́kọ́, kò wúwo rárá, ṣùgbọ́n àwọn èérún W àti Z tó ń jíṣẹ́ fún èkejì wúwo ju proton, èérún inú átọ́mù, lọ ní ìlọ́po 80 ó lé. Ìwúwo yẹn ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ wọn dé ọ̀nà jíjìn. CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì ní Yúróòpù, ni wọ́n ti rí W àti Z ní 1983. "Háà!" lọmọ náà ké. Inú mi dùn débi pé mi ò rántí oúnjẹ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ibì kan ní Kánádà ti gbà mí, fún ọdún márùn-ún. Gbogbo ilé ní kí n máa lọ. Ta ni yóò wá máa dá ọmọ yẹn lóhùn? Ta ni yóò máa mú Màmá rìn yípo àgbàlá láràárọ̀?

Salam mọ ohun tí mò ń sọ. Ìdí nìyẹn tó fi dá ICTP, ibùdó físíìsì tí o wà ní Trieste, ní Ítálì yẹn, sílẹ̀ ní 1964, kí irú wa lè wá lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ká kàwé, ká jiyàn, ká sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wa nílé. Jọ̀wọ́, dákun, bá mi dé ọ́fíìsì àwọn Associate, àwọn tí ibùdó náà ń gbà láti máa wá bẹ́ẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù dà? Ṣé wọ́n á wo ẹni tí kò tíì tẹ iṣẹ́ tuntun jáde láti ọdún méjì?

Kánádà fẹ́ gbọ́ èsì kí oṣù yìí tó parí. Má tíì sọ fún Kúnlé.

Èmi ni tìrẹ,
Fọlá