Àṣà wà lọ́wọ́ ìnàkí o, ká tó pa wọ́n tán nínú igbó wa

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ ló mú mi kọ tèmi náà, ó ní ẹranko ò ní àṣà kankan, pé bí Ọlọ́run ṣe dá a ló ṣe máa wà, èèyàn nìkan ló ń kọ́ nǹkan lára ìyá àti bàbá ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún láti kékeré, ṣùgbọ́n kì í ṣòótọ́, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn wá gan-an nílẹ̀ Yorùbá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Abúlé kan wà lórílẹ̀-èdè Guinea tó ń jẹ́ Bossou, kò jìnnà sí òkè Nimba. Àwọn ìnàkí, àwọn tí òyìnbó ń pè ní ṣinpansí, ń gbé nínú igbó tó wà nítòsí ilé àwọn èèyàn níbẹ̀, àti ọdún 1976 ni ọ̀jọ̀gbọ́n ará Japan kan, Yukimaru Sugiyama, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Èkùrọ́ ni wọ́n ń pa, èkùrọ́ tiwa yìí náà. Wọ́n á wá òkúta kan tó tẹ́jú, wọ́n á gbé èkùrọ́ lé e, wọ́n á fi òkúta kejì gbá a títí á fi là, wọ́n á mú ọmọ inú ẹ̀ jẹ. Kódà wọ́n ti rí èyí tó fi òkúta kékeré ti ìdí òkúta ìsàlẹ̀ kó má baà máa mì. Ẹni tó bá ti pa èkùrọ́ rí mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ téèyàn á kàn jí lọ́jọ́ kan tá á mọ̀ ọ́n ṣe, tó o bá gbá a jù ọmọ inú ẹ̀ á fọ́ wẹ́wẹ́, tí ò bá sì bá a dáadáa á ta dànù.

Wọn ò bí i mọ́ ọmọ ìnàkí kankan. Ẹ̀gbẹ́ ìyá ẹ̀ ló máa ń jókòó sí, á máa wò ó, á sún mọ́ ọn débi pé ojú ẹ̀ á fẹ́ẹ̀ kan òkúta, á mú èyí tí ìyá ti pa sílẹ̀ jẹ, ìyá ò sì ní lé e. Lẹ́yìn náà á gbé òkúta lé òkúta, á gbé èkùrọ́ lé òkúta á fọwọ́ gbá a, kò ní là, á tún gbìyànjú. Tó bá fi máa mọ̀ ọ́n, á ti tó ọmọ ọdún mẹ́ta ààbọ̀ sí márùn-ún. Èyí tí ò bá sì mọ̀ ọ́n títí tó fi tó nǹkan bí ọdún méje, ó ti bọ́ nìyẹn, kò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Tetsuro Matsuzawa, olùwádìí ará Japan mìíràn tó pẹ́ gan-an ní Bossou, fi wé ọ̀gá àti ọmọṣẹ́, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀ torí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ wa, ọ̀gá kì í jókòó tì í kó máa là á yé e, ojú ló fi ń kọ́ ọ, sípánà ló ń gbé fún ọ̀gá, títí ọwọ́ tiẹ̀ náà fi máa mọ̀ ọ́n.

Òǹkàwé yín lè ní àbínibí náà ni. Ó dáa. Kìlómítà mẹ́fà péré sí Bossou, ìnàkí tún wà ní Seringbara, ẹ̀yà kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn olùwádìí kó èkùrọ́ àti òkúta lọ bá wọn nínú igbó, wọ́n gbé kámẹ́rà síbẹ̀, àwọn ìnàkí wá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá tiwọn lọ, ìkankan ò pa á. Ọdún 2022 ni ìwádìí yẹn jáde. Ní Nàìjíríà níbí náà, ní Gashaka-Gumti ní Taraba, ọ̀pẹ wà, òkúta wà, àwọn ìnàkí ibẹ̀ kì í pa èkùrọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ki igi bọ ilé ìjàlọ kí wọ́n lè rí ìjàlọ jẹ, igi náà ni wọ́n fi ń wá oyin, bẹ́ẹ̀ wọn kì í jẹ ikán tí àwọn ará ibòmíì ń jẹ. Fífi òkúta pa èso ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o, wọ́n ti wú òkúta tí ìnàkí fi pa èso jáde nínú ilẹ̀ ní igbó Taï ní Ivory Coast, ó ti tó 4,300 ọdún.

(Àwọn ìnàkí Bossou yẹn náà ló ń mu ògùrọ̀. Tí adẹ́mu bá ti gbé ike sórí igi tó lọ, wọ́n á jẹ ewé lẹ́nu, wọ́n á tì í bọ inú ike, wọ́n á fa ẹmu tó wà lára ewé náà mu. Wọ́n tún mọ bí wọ́n ṣe ń tú tàkúté wáyà láìfara pa, ìyẹn gan-an ló yà mí lẹ́nu jù.)

Ohun tó ń dùn mí rèé. Lọ́dún 2003 àìsàn kan tó dà bí ọ̀fìnkìn pa márùn-ún lára àwọn ìnàkí Bossou, ẹgbẹ́ tí ò ju nǹkan bí ogún lọ, lónìí wọn ò tó mẹ́wàá mọ́. Tí àgbà bá kú tí ọmọ ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń wò ó, iṣẹ́ náà bá a lọ nìyẹn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 lórí ẹgbẹ́ ìnàkí 144 wo ìwà 31, wọ́n rí i pé níbi tí èèyàn ti da igbó rú jù, ìrètí pé èèyàn á bá irú ìwà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn fi ìdá 88 nínú 100 dín kù. Nítorí náà kí ìjọba má kàn máa sọ fún wa pé ìnàkí ṣì kù, ẹni tó kù yẹn, kí ló ṣì mọ̀ ọ́n ṣe, ta ló sì ń kọ́?

Ìnàkí wà lọ́dọ̀ wa níbí, ní igbó Ìsẹ̀ l'Ékìtì, ní Ìdànrè, ní Omo ní Ògùn, ìwádìí 2009 sì ti sọ pé wọ́n ti fẹ́ẹ̀ parun tán ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn. Agégẹdú ń wọlé, oko kòkó ń wọlé, àwọn ọdẹ kan ń yìnbọn pa ìyá kí wọ́n lè ta ọmọ. Ọmọ tí wọ́n tà yẹn, ẹ fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí, kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọ ní nǹkan tí ìyá ẹ̀ mọ̀, ẹ ò sì lè kàn dá a padà sígbó lọ́la kẹ́ ẹ ní ó ti tán.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán akọ̀ròyìn lọ sí Ìsẹ̀ kó bá àwọn ọdẹ àgbà sọ̀rọ̀, àwọn ló mọ ibi tí ìnàkí ń sùn, ohun tó ń jẹ, àti ohun tó ń fi igi tàbí òkúta ṣe. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Kẹ́ ẹ sì bá wa bi ìjọba Èkìtì, Oǹdó àti Ògùn pé ẹ̀ṣọ́ igbó mélòó ni wọ́n ń san owó oṣù fún báyìí, àti ìgbà wo ni wọ́n gbé ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹjọ́ gbẹ̀yìn lórí ìnàkí tí wọ́n pa.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Adó-Èkìtì