Ṣadé, ọ̀rọ̀ Bọ̀ọ̀dá Túndé rèé o

Ṣadé, ọ̀rẹ́ mi,

Fóònù ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi sọ ọ́, àmọ́ tí n bá ti gbọ́ ohùn ẹ, ẹ̀rín ló máa pa mí, o ò sì ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ Màmá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo rí fọ́tò òwàńbẹ̀ yẹn o, aṣọ yẹn bá ẹ mu kọjá ààlà, ẹni tó bá ní o ti sanra, ojú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ Bọ̀ọ̀dá Túndé ni. Mo mọ̀ pé o ti fa ojú ro báyìí, tú u ká jàre, tìgbà yẹn ti lọ. Ìwọ nìkan lo kúkú máa ń pe orúkọ wọn láì fi bọ̀ọ̀dá sí i, mi ò gbàgbé.

Ṣé o rántí géèmù ilé Màmá Bọ́lá, àwọn káséètì tí wọ́n kọ ọgọ́rùn-ún géèmù sí lára, tó o bá wá tẹ̀ ẹ́ wò wàá rí i pé díẹ̀ náà ló kàn ń yí orúkọ padà? Oní-páǹpù! Ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ kiri, tó ń fi páǹpù fẹ́ àwọn ẹranko inú ilẹ̀ títí wọ́n á fi bẹ́. Òun náà ló tẹ̀ lé wa dé Chicago o. Dig Dug lorúkọ ẹ̀ gan-an, Namco ló ṣe é ní Japan lọ́dún 1982, Atari ló ń tà á fáwọn ará Amẹ́ríkà. Èyí tá à ń gbá nílé Màmá Bọ́lá, ọdún 1985 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìyẹn, tó ṣeé so mọ́ tẹlifíṣọ̀n ilé. Bàbá ẹ̀ gan-an ni Bọ̀ọ̀dá rà. Àpótí pákó ńlá ni, ìdúró ni wọ́n fi ń gbá a, tẹlifíṣọ̀n wà nínú ẹ̀, ihò tí wọ́n ń ju owó sí wà níwájú. Wọ́n wa mọ́tò lọ gbé e ní Indiana, lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ti gbé e pamọ́ tipẹ́. Nígbà tó yá wọ́n ra òmíì tì í, wọ́n tún ra òmíì. Mọ́tò ò lè wọ gáréèjì mọ́. Yìnyín ń bọ́ lé mọ́tò lórí níta, àpótí géèmù wà nínú ilé, ó ń jayé hítà.

Kẹ́mi ti bímọ, ọkùnrin ni, inú ọkọ ẹ̀ ń dùn bí ẹni pé òun ló rọbí. Mo ti kúrò níbi iṣẹ́ àtijọ́. Ilé epo tí wọ́n ti jí fóònù mi ti kógbá wọlé.

Ẹ jẹ́ n padà sọ́rọ̀ wa. Tó o bá dé ọ̀dọ̀ wọn, o ò tíì bọ́ bàtà, wọ́n á ti máa sọ fún ẹ pé ọpọlọ mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, Z80 mẹ́ta tó jọ ń pín iṣẹ́ ṣe, pé bó o bá ṣe jìn sínú ilẹ̀ tó ni máàkì ẹranko ṣe ń pọ̀ tó, pé òkúta tó bá já lu ẹyọ kan 1,000 ni, tó bá tẹ méjì pọ̀ 2,500, tó bá jẹ́ mẹ́ta 4,000. Pooka lorúkọ èyí tó pupa roboto, tó wọ awò ńlá bíi ọlọ́kadà. Fygar ni dírágónì aláwọ̀ ewé, ọ̀tún àtòsì nìkan ló ń tu iná, kì í tu ú sókè, torí náà ojo á gba òkè wá, akin á kojú ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, òun ló sì máa gba ìlọ́po méjì. Wọ́n ní ẹni tó bá gbá a dé ìpele 256, nọ́ńbà á padà sí òdo, ẹranko á ti wà lórí ẹ látìbẹ̀rẹ̀, kó o tó mira o ti kú. Mo ní ta ni ò níṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ò rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọ̀rẹ́ tuntun tí wọ́n ní wá ńkọ́? Òyìnbó méjì kan àti ará Mẹ́síkò kan, àgbàlagbà, onírùngbọ̀n. Wọ́n á dé lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ẹ̀yìn àpótí wò bíi pé dókítà ni wọ́n. Nígbà tí géèmù ò pawó mọ́ láyé ọjọ́un, ṣe lawọn tó ni ín máa ń yọ inú ẹ̀, wọ́n á kun ara ẹ̀, wọ́n á ki géèmù mìíì sí i, torí náà ojúlówó tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ bà ṣọ̀wọ́n. Lọ́jọ́ kan wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà nítorí pé ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n yọ tẹlifíṣọ̀n onígò, kí wọ́n fi pẹrẹsẹ ìsìnyí sí i. Àfi bí ẹni tó ṣépè fún wọn! Mo gbé jollof fún wọn, ìjà parí. Mo fẹ́ràn wọn, kí n má parọ́.

Bọ̀ọ̀dá mú mi lọ sí Galloping Ghost, ilé géèmù kan ní Brookfield lẹ́bàá Chicago níbí, wọ́n ṣí i lọ́dún 2010, géèmù ibẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún lọ́nà púpọ̀, o kàn máa sanwó lẹ́nu ọ̀nà, o ò ní ju koin kankan mọ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, Ṣadé. Wọ́n dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń pariwo pé gbẹ́ abẹ́ òkúta yẹn, sá, sá! Mo rí ẹ̀gbọ́n mi ti ilé Màmá Bọ́lá.

Àmọ́ o mọ̀ pé ìyàwó wọn ti kó àwọn ọmọ lọ sí Houston. O ò mọ̀? Ó dáa, o ti mọ̀ báyìí, má bi ẹnikẹ́ni. Mo lọ sùn lọ́dọ̀ wọn nígbà tí ilé mi ò ní iná. Òru ni mo máa ń gbọ́ orin géèmù yẹn láti ìsàlẹ̀. Obìnrin kan ló ṣe orin yẹn, Yuriko Keino, wọ́n ní kó ṣe ìró ẹsẹ̀ tó ń rìn, ìró ẹsẹ̀ ò bọ́ sí i, ló bá fi orin rọ́pò ẹ̀, torí náà tó o bá ń rìn, orin ń lọ, tó o bá dúró, orin á dákẹ́. Mo wá dùbúlẹ̀, mò ń gbọ́ orin, á dákẹ́. Á pẹ́ kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà mìíì kò ní bẹ̀rẹ̀ mọ́. Mi ò lè sùn. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n dúró síbẹ̀, ọwọ́ wọn wà lórí bọ́tìnnì, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, kí n padà lọ sùn. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n jẹun. Wọ́n ní wọ́n jẹun. Irọ́ ni, ìkòkò mi wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀.

Ní báyìí tẹlifíṣọ̀n inú ẹ̀ ti kú. Ó dún ṣìì, ó ṣókùnkùn. Wọ́n ní flyback ni, ohun tó ń gbé agbára iná sókè nínú tẹlifíṣọ̀n onígò, wọ́n ti pààrọ̀ àwọn kápásítọ̀ fúnra wọn, kò dá a lóhùn. Òyìnbó tó máa ń bá wọn ṣe é ti fẹ̀yìn tì lọ sí Florida, àwọn ọmọ ìsìnyí ò mọ tẹlifíṣọ̀n onígò rárá. Wọn ò gbá nǹkan kan mọ́, wọ́n kàn ń jókòó síbẹ̀. Ti pé orin ń dákẹ́ tẹ́lẹ̀ gan-an, ó sàn.

Ohun tí mo wá bẹ̀ ẹ́ nìyí. Bàbá Rìwáyà, àbúrò bàbá yín ní Mọ́kọ́lá, ṣé wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́? Mo mọ̀ pé wọ́n á mọ flyback ju gbogbo onírùngbọ̀n ibí lọ. Mo fẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá lè fi fóònù hàn wọ́n lórí WhatsApp, kí wọ́n máa sọ fún un pé gbé mítà síbí, gbé e sọ́hùn-ún, kí wọ́n ṣọ́ra fún iná tó ṣẹ́kù nínú gò yẹn o, kò dáa kó gbá wọn.

Àmọ́ ìwọ ni kó o pe Bọ̀ọ̀dá. Kì í ṣe Bàbá Rìwáyà. Ìwọ. Sọ pé o gbọ́ pé wọ́n ń wá rìwáyà, lo bá ní kó o ṣe alárinà. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, má pa mí lẹ́nu mọ́, mi ò ní kó o fẹ́ wọn. Wọn kì í gbé ipè mi, wọn ò gbé ti pásítọ̀, wọ́n á gbé tìẹ.

Tó bá jẹ́ aago mẹ́ta ọ̀sán lọ́dọ̀ yín, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni níbí, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń ti ibi iṣẹ́ òru dé. Má pè lọ́jọ́ Sunday, ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé ta ló fún ẹ ní nọ́ńbà, sọ pé Kẹ́mi ni. Kẹ́mi ò lè bínú sí mi, mo mọ nǹkan nípa ẹ̀.

Èmi ni,
Bísí