Ìkéde: Ẹ̀kọ́ nípa omi fáwọn ọmọ wa ní Sátidé

Ẹ̀yin òbí àti tíṣà wa n'Ẹ́pẹ̀ẹ́ níbí, ẹ kú iṣẹ́ o. Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, a máa kó àwọn ọmọ Prámárì 4 sí 6 lọ sétí ọ̀sà, ẹ jọ̀ọ́ kí òbí kọ̀ọ̀kan mú kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan wá, kẹ́ ẹ dé e pa dáadáa, a máa so okùn mọ́ ọn, torí ohun tá a fẹ́ kí wọ́n mọ̀ jù nìyẹn: tí ọ̀rẹ́ ẹ bá kó sómi, má bẹ́ tẹ̀lé e, pariwo pe àgbà, dọ̀bálẹ̀ sétí omi kó o ju kẹ́ẹ̀gì sí i. Ẹni tó ń rì máa ń dì mọ́ ẹni tó wá gbà á ni, wọ́n á sì jọ lọ. Ẹ má sọ pé tèmi mọ̀wẹ̀ o, òmùwẹ̀ ló ń bómi lọ.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹni tó ń rì á máa pariwo, rárá o, ẹnu ẹ̀ ti wà nínú omi, orí á dà sẹ́yìn, kò lè pè yín. WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní bí 300,000 èèyàn lomi pa lágbàáyé ní 2021, àwọn tí ò tíì pé ọdún 5 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Àwọn kékeré yẹn, báàfù ìfọṣọ tó láti pa wọ́n! Kàǹga tí ò nídèérí ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé e lónìí.

A ò ní lúwẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ forúkọ ọmọ ránṣẹ́ sí sẹ́kítírì kó tó di Fráìdé.