Sí Àbẹ̀kẹ́, lórí ibùsùn erè rẹ

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

A dúpẹ́ pé àlàáfíà lẹ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìyá rẹ sọ fún mi pé o fẹ́ lọ kó èérún pákó ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ àwọn onípákó, kí o fi tẹ́ abẹ́ ejò erè tí ò ń sìn nínú àpótí. Jọ̀wọ́, má ṣe é. Iṣẹ́ pákó ni mo fi tọ́ yín ní Òkò Bàbá, mo sì mọ ohun tó ń bẹ nínú òkìtì yẹn. Ìrókò wà níbẹ̀, mansóníà wà níbẹ̀, èérún wọn a máa yún àwa tí à ń là wọ́n nímú títí a ó fi máa sín. Èyí tí wọ́n ti fi oògùn ìkán kùn náà ń bẹ níbẹ̀. Ejò tó ń fi àyà fà tọ̀sán-tòru, níbo ni yóò sá sí?

Èèpo àgbọn tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni kí o lò. Ó ń fa omi mu, ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ ti etí òkun Àgbádárìgì lo rà, kọ́kọ́ rẹ ẹ́, kí o ṣàn án dáadáa kí iyọ̀ ara rẹ̀ lọ.

Ihò òkété àti ògán ni irú erè kékeré yìí máa ń sá sí lọ́sàn-án nínú igbó. Ibẹ̀ tutù níwọ̀nba, kì í ṣe ẹrọ̀fọ̀. Jẹ́ kí ọ̀rinrin inú àpótí rẹ̀ wà láàárín 50 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá ń múra àtibọ́ awọ, kó tó 70. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ Èkó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ yẹn tán, má bomi rin ín bí ẹni ń rin ẹ̀fọ́. Ọyẹ́ àti ẹ̀rọ amúlétutù ni kí o máa ṣọ́. Àwọn ló ń mú kí awọ bọ́ ní àjákù, tí èyí tó bo ẹyinjú á sì kọ̀ láti kúrò.

Bu ẹ̀kúnwọ́ èèpo àgbọn náà kan, kí o fún un bí ẹni ń fún aṣọ. Bí omi bá kán, ó ti pọ̀ jù, awọ ikùn ejò lè máa jẹrà, èémí rẹ̀ sì lè dàrú. Bó bá dì mọ́ra tí kò kán, ó ti tó. Igun àpótí ni kí o máa da omi sí, kí ìsàlẹ̀ rin, kí òkè gbẹ.

Èèpo àgbọn tí o fẹ́ tọ́jú pamọ́ ńkọ́? Gbígbẹ ni kó wà. Sá a sórí tapólì, máa yí i padà, títí tí inú rẹ̀ kò fi ní tutù lọ́wọ́ rẹ mọ́. Àpò ìrẹsì tí atẹ́gùn ń gbà ẹnu rẹ̀ kọjá ni kí o rọ ọ́ sí. Bí o bá dì í ní tútù sínú ọ̀rá, yóò bu, olú funfun á hù lára rẹ̀. Má gbé àpò náà lé sìmẹ́ńtì yàrá ìsàlẹ̀ yẹn, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ ń sun omi. Má sì fi káńfọ̀ sí i bí ìyá rẹ ṣe ń fi sáàárín aṣọ, má fín oògùn aáyán sẹ́bàá rẹ̀. Májèlé ni wọ́n fún ejò.

Mo ti gé pákó tí o máa fi tẹ́ abẹ́ àpò náà. Àbúrò rẹ yóò gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá rẹ ń kí ọ.

Èmi bàbá rẹ,
Èbúté Mẹ́ta