Ẹ ṣí ilé ìkàwé fún àwọn àgbàlagbà nírọ̀lẹ́

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Lóṣù tó kọjá, mo sin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, lọ sí ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń báni kọ fọ́ọ̀mù lórí kọ̀ǹpútà, nítorí pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ní kó ti fi hàn pé òun ṣì wà láàyè kí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ má baà dúró. Bí ọmọkùnrin ibẹ̀ ṣe béèrè páswọ́ọ̀dù, ẹ̀gbọ́n mi tú kókó etí ìró rẹ̀, ó sì na bébà kékeré kan sí i, èyí tí nọ́ńbà àṣírí káàdì báńkì rẹ̀ náà wà lára rẹ̀. Mo tètè gbá a lọ́wọ́ mú. Obìnrin yìí mọ̀wé dáadáa. Ẹni tí yóò jókòó tì í kọ́ ọ ni kò rí.

Ilé ìkàwé ìjọba kò jìnnà síbẹ̀, ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ni wọ́n ń tì í, àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò JAMB nìkan ló sì ń wọ ibẹ̀.

Ìbàdàn ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti ṣe àpérò lórí ilé ìkàwé fún gbogbo ènìyàn nílẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1953, ọdún méjì ṣáájú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti Ìwọ̀ Oòrùn. Bàbá wa, àgbẹ̀ kòkó, ti dàgbà kọjá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn, ló bá ń gbé àtùpà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà lálẹ́, títí ó fi lè ka rìsíìtì kòkó rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí àwọn oníwọ̀n kò sì lè rẹ́ ẹ jẹ mọ́. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń wá lórí fóònù lónìí. Ìkéde tí UNESCO ṣe nípa ilé ìkàwé lọ́dún 1994 pàápàá ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ ilé ìkàwé, ó sì ní ọ̀fẹ́ ló yẹ kí ó jẹ́.

Mo rọ ìjọba ìpínlẹ̀ wa kí wọ́n ṣí ilé ìkàwé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, láti aago márùn-ún sí méje ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n fi sólà síbẹ̀, kí wọ́n sì ní kí àwọn àgùnbánirọ̀ tó gbọ́ Yorùbá wá kọ́ àwọn àgbàlagbà pẹ̀lú sùúrù, lórí fóònù tí kálukú mú wá. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní òun ni yóò kọ́kọ́ débẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì